Owó-orí bàbá wa tó ti di olóògbé: ta ni yóò kọ ìwé rẹ̀, kí ni a ó sì fi san án?

Ọmọ Ìlú Aró

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Bàbá wa jáde láyé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023 ní ilé wọn ní Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Owó ìfẹ̀yìntì wọn ń wọlé lóṣooṣù, ṣùgbọ́n owó ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta tí wọ́n kọ́ sí Alékúwodò ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà jù. Wọn kò kọ ìwé ìhágún. Láti ìgbà tí a ti sìnkú ni ẹ̀gbọ́n wa àgbà, tí í ṣe Dáwódù, ti ń gba owó ṣọ́ọ̀bù, kò sì sí ẹni tó rántí owó-orí títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí ayálégbé kan fi ìwé kan láti ọ̀dọ̀ àjọ tó ń gba owó-orí lé mi lọ́wọ́. Orúkọ bàbá ni wọ́n kọ sí i, pé kí wọ́n wá san owó-orí ọdún 2023, iye inú rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí wọ́n fojú bù, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò kọ àlàyé owó tó wọlé ránṣẹ́. Omijé bọ́ lójú mi nígbà tí mo rí orúkọ náà.

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ikú kò ti pa gbèsè yìí rẹ́ ni? Bí kò bá pa á rẹ́, ṣé láti àpò àwa ọmọ ni yóò ti jáde? Ṣé Dáwódù sì lè fọwọ́ sí ìwé náà dípò bàbá? Bàbá wa kì í jẹ gbèsè, a kò sì fẹ́ kí èyí kù sí wọn lọ́rùn.

Oníṣirò Ayétòrò

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Ọlọ́run yóò tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe, irú ọ̀rọ̀ yìí sì ti kọjá lọ́wọ́ mi.

Ikú kì í pa owó-orí rẹ́, ṣùgbọ́n dúkìá bàbá ló jẹ gbèsè náà, kì í ṣe ẹ̀yin. Owó tó wọlé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2023 títí di ọjọ́ tí wọ́n jáde láyé ni ti bàbá. Èyí tó wọlé lẹ́yìn náà, ti dúkìá ni, tàbí ti ẹni tí ẹ bá pín in fún, ìwé tirẹ̀ sì yàtọ̀. Ẹ má da méjèèjì pọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń san ohun tí kò kàn wọ́n.

Ẹ yọ owó ìfẹ̀yìntì kúrò pátápátá, òfin kò bu owó-orí lé e. Ẹ yọ owó àtúnṣe ṣọ́ọ̀bù náà kúrò, bí rìsíìtì rẹ̀ bá wà. Ká ní ₦1,200,000 ló kù. Òfin ìgbà náà yọ ₦200,000 sílẹ̀ fún ènìyàn, pẹ̀lú ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé, èyí tí í ṣe ₦240,000. Ó ku ₦760,000 tí a ó bu owó-orí lé: ìdá 7 lórí ₦300,000 àkọ́kọ́, ìdá 11 lórí ₦300,000 tó tẹ̀lé e, ìdá 15 lórí ₦160,000 tó ṣẹ́kù. Ìyẹn jẹ́ ₦21,000, ₦33,000 àti ₦24,000, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦78,000. Ẹ ṣe irú ìṣirò yìí pẹ̀lú owó tiyín, kí ẹ fi wé iye tí wọ́n fojú bù. Òfin tuntun tó yọ ₦800,000 àkọ́kọ́ sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026. Kò kan ọdún 2023 rárá.

Èyí tó ká mi lára jù ni ọjọ́. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni ẹ ní, láti ọjọ́ tí ìwé náà tẹ̀ yín lọ́wọ́, láti kọ̀wé pé ẹ kò fara mọ́ iye náà, kí ẹ sọ ìdí rẹ̀, kí ẹ sì kọ iye tó wọlé gan-an. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2024 ló yẹ kí àlàyé ọdún 2023 ti dé ọ̀dọ̀ wọn, nítorí náà ẹ múra sílẹ̀ fún owó ìtanràn àti èlé.

Lọ́yà Òkè-Fíà

Mo bá yín kẹ́dùn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí ìwé bí ẹni pé bàbá ló fọwọ́ sí i. Àṣà wa fi Dáwódù ṣe olórí ẹbí, mo sì bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí kò sí ìwé ìhágún, ẹni tí ilé-ẹjọ́ fún ní ìwé àṣẹ láti bójú tó dúkìá olóògbé ni òfin mọ̀. Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni ẹ ó ti gba ìwé náà, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ikú láti ọ̀dọ̀ Àjọ Ètò Ìkànìyàn, àkọsílẹ̀ gbogbo dúkìá, àti àwọn onídùúró. Ó lè ju ẹnì kan lọ tí wọ́n máa fún. Bí ìyàwó bá ju ọ̀kan lọ nínú ilé yín, ẹ jẹ́ kí ojúlé kọ̀ọ̀kan ní aṣojú.

Ìwé yìí kì í yá, ọgbọ̀n ọjọ́ kò sì ní dúró dè é. Ẹ kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ báyìí ní orúkọ ẹbí, pé bàbá ti di olóògbé, pé ẹ ti ń wá ìwé àṣẹ, pé ẹ kò fara mọ́ iye náà, kí ẹ fi ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ikú há a, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tí ó máa wà lọ́wọ́ yín.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ wá san owó-orí lórí ogún fúnra rẹ̀, ẹ má dá a lóhùn: ọdún 1979 ni òfin yẹn wáyé, wọ́n sì ti fagi lé e láti ọdún 1996. Owó tí ilé-ẹjọ́ ń gbà lórí ìwé àṣẹ jẹ́ ohun ọ̀tọ̀.

Ọmọ Ìlú Aró

Ẹ ṣeun gan-an. A ti rí ìwé tí bàbá fi ọwọ́ ara wọn kọ owó ṣọ́ọ̀bù sí, oṣù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ ayálégbé. Ìyàwó méjì ni bàbá ní, a sì ti pín owó tó wà nílẹ̀ ní ìdí-igi, ọgbọọgba. Báwo ni a ó ṣe ṣe é?

Lọ́yà Òkè-Fíà

Gbèsè olóògbé ló yẹ kó ṣáájú pípín. Kí ìdí-igi kọ̀ọ̀kan dá ìdajì owó-orí náà padà, nítorí pé ọgbọọgba ni ẹ gbà, kí Dáwódù sì fi owó ṣọ́ọ̀bù tó ń wọlé báyìí pamọ́ títí ẹ ó fi gba rìsíìtì owó-orí náà. Ẹ má pín ṣọ́ọ̀bù kankan kí ìyẹn tó parí, torí pé ọrùn ẹni tó bá gba ìwé àṣẹ ni ọ̀rọ̀ náà lè já lé.

Ọmọ Ìlú Aró

Mo ti ka èsì yín sí ẹ̀gbọ́n mi létí, wọ́n sì gbà. Lẹ́tà àkọ́kọ́ yóò dé ọ̀dọ̀ àjọ owó-orí ní ọjọ́ Ajé.