Ó gbàgbé jàǹbá náà, àmọ́ ẹ̀rù rẹ̀ kò lọ: apá wo nínú ọpọlọ ló ń ṣe èyí?

Akẹ́kọ̀ọ́Nọ́ọ̀sì: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Wọ́n kọ́ wa pé hippocampus ló ń tọ́jú ìrántí, pé amygdala ló ń ṣe ẹ̀rù. Báwo wá ni ẹni tí kò rántí jàǹbá rárá ṣe ń gbọ̀n tó bá ti gbọ́ ìró bíréèkì? Lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì ńkọ́, báwo la ṣe ń mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ kò wọlé ni, tàbí ó wọlé ṣùgbọ́n kò jáde?

BàbáỌpọlọ: Ìbéèrè tó lójú nìyí. Ọ̀nà méjì ni wọ́n. Ní 1995, Bechara àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwòrán aláwọ̀ oríṣiríṣi han àwọn aláìsàn mẹ́ta. Bí búlúù bá ti yọ, fèrè ọkọ̀ ojú omi a pariwo. Wọ́n ń wo bí awọ ọwọ́ wọn ṣe ń làágùn, torí àmì ẹ̀rù ni òógùn yẹn. Ẹni tí amygdala rẹ̀ bàjẹ́ lápá méjèèjì mọ̀ dájú pé búlúù ló ń mú fèrè wá, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ gbẹ. Ẹni tí hippocampus rẹ̀ bàjẹ́ làágùn tó bá rí búlúù, àmọ́ kò lè sọ àwọ̀ tó ń mú ariwo wá. Ẹni kẹta pàdánù méjèèjì: kò mọ̀ ọ́n, kò sì làágùn. Ẹni tí ẹ ń sọ yẹn, ẹnì kejì ló jọ.

Ẹ má sì pe hippocampus ní àká. Akọ̀wé ni. Ní 1953, dókítà Scoville gé e kúrò lápá méjèèjì lórí Henry Molaison, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ nínú amygdala, nítorí wárápá. Wárápá rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tuntun kò dúró lórí rẹ̀ mọ́. Ohun ìgbà èwe rẹ̀ ṣì wà, torí èèpo òde ọpọlọ ni ìrántí àtijọ́ ń gbé.

ÌyáLáàbù: Ẹ jẹ́ n fi èyí kún un, nítorí "amygdala ni ẹ̀rù" ti ṣi ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní S.M.; àrùn kan tó ṣọ̀wọ́n, Urbach-Wiethe, jẹ amygdala rẹ̀ run. Ejò kò bà á lẹ́rù. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ní kó fa afẹ́fẹ́ tí carbon dioxide inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún símú, jìnnìjìnnì bò ó. Ewu tí ojú àti etí bá gbé wá ni amygdala ń lu agogo rẹ̀. Èyí tó ti inú ara wá ní ọ̀nà mìíràn. Hypothalamus, ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, àti ẹsẹ̀ ọpọlọ ló ń mú ọkàn lù kìkì; insula, apá mìíràn nínú ọpọlọ, ló ń ka ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara fún wa. ("Àyà mi já" tí à ń sọ kò kúkú jìnnà sóòótọ́.)

Prefrontal cortex, iwájú ọpọlọ lókè ojú, ni bíréèkì tó ń dá ẹ̀rù dúró. Bí ìtọ́jú bá mú ẹ̀rù rọlẹ̀, kò pa á rẹ́. Ẹ̀kọ́ tuntun ló dì í mú. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi lè padà wá níbi tí ìtọ́jú náà kò ti wáyé.

DókítàÀárọ̀: Ní ti bẹ́ẹ̀dì: ẹ kọ́kọ́ ní kó ka ọjọ́ ọ̀sẹ̀ sẹ́yìn. Bí kò bá lè fọkàn sí i, ẹ fi ìrántí sílẹ̀, ẹ wo ṣúgà, ibà àti ọ́ksíjìn. Bó bá kà á, ẹ fún un ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí kò tan mọ́ra: ilẹ̀kùn, ìbẹ́pẹ, àgùntàn. Kó tún wọn sọ títí yóò fi gbà wọ́n tán. Ẹ bá a sọ nǹkan mìíràn fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ tó bi í. Bó bá gbàgbé, ẹ ta á lólobó: "ọ̀kan jẹ́ èso." Bí olobó bá fà á jáde, ọ̀rọ̀ wọlé, iwájú ọpọlọ ni kí ẹ wò. Bí olobó kò bá ràn án lọ́wọ́, tó ní ẹ kò fún òun lọ́rọ̀ kankan, hippocampus tàbí àwọn tó so mọ́ ọn ni.

Ohun tó ń ba àyẹ̀wò yìí jẹ́: kí ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì bi ẹni tó ń sọ Yorùbá, tàbí kí ẹbí máa sọ ìdáhùn wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn yín. Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀mùtí pẹ̀lú: àìtó thiamine (fítámínì B1) a máa ba thalamus àti mammillary bodies jẹ́, àwọn apá inú ọpọlọ tó so mọ́ hippocampus; ọ̀mùtí náà á sì máa hun ìtàn láìmọ̀ pé irọ́ ni. Ẹ fún un ní thiamine ṣáájú dírípù onísúgà. Bí ṣúgà rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀, ẹ fi méjèèjì lé e pọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́Nọ́ọ̀sì: Ẹ ṣé gan-an, sà. Bí mo bá fẹ́ tún un ṣe lọ́la?

DókítàÀárọ̀: Ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti àná lè yọ lẹ́nu rẹ̀ láìrántí ẹni tó sọ ọ́ fún un.