Káàdì àtijọ́ tó ní àwòrán òpópónà: ọ̀nà wo ni kí n gbà mọ ọdún rẹ̀?

ÀpótíÀtijọ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ra káàdì ìfìwéránṣẹ́ kan tó ní àwòrán òpópónà ìlú kan ní Amẹ́ríkà. Òǹtẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti parẹ́, “AUG” nìkan ni mo lè kà. Wọ́n ti já sítáńpù rẹ̀ lọ. Nínú àwòrán, mo rí mọ́tò mẹ́rin, kẹ̀kẹ́ ẹṣin kan, àsíá lára ilé àti pátákó ìsọ̀ olóògùn. Orúkọ ìlú àti nọ́ńbà kan wà nísàlẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Olùkójọ:
Ẹ yí i padà ná, ẹ̀yìn káàdì ló máa ń kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Bí ìlà bá pín ẹ̀yìn rẹ̀ sí méjì, tí àdírẹ́sì wà lọ́tùn-ún tí ọ̀rọ̀ wà lósì, kò lè ṣáájú March 1, 1907, ọjọ́ tí ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà fàyè gba irú rẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, àdírẹ́sì nìkan ló ń gbé ẹ̀yìn káàdì. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ á há a sí etí àwòrán. Lẹ́yìn náà, ẹ fi dígí tó ń mú nǹkan tóbi wo ojú rẹ̀. Bí ẹ bá rí tótòtó wẹ́wẹ́, ilé ìtẹ̀wé ló tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá sí, bébà fọ́tò gidi ni. Kí ni wọ́n kọ sí ibi tí wọ́n ń lẹ sítáńpù mọ́?

ÀpótíÀtijọ́:
Ìlà wà, kò sí tótòtó. AZO ni wọ́n kọ síbẹ̀, onígun mẹ́ta kékeré wà ní igun kọ̀ọ̀kan, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọrí sókè. Èérún sítáńpù tó kù jẹ́ àwọ̀ ewé.

Olùkójọ:
Ó ti ń bọ̀ nìyẹn! AZO jẹ́ orúkọ irú bébà fọ́tò kan. Èyí tí onígun mẹ́ta mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ kọrí sókè, 1904 sí 1918 ni àwa tó ń kó káàdì jọ máa ń fi í sí. Bí méjì bá dorí kodò, 1918 sí 1930 ni. Àwọ̀ ewé yẹn, sẹ́ǹtì kan ni. Láti November 1917 títí di June 1919, sẹ́ǹtì méjì ni wọ́n ń gbà lórí káàdì nítorí ogun, pupa sì ni sítáńpù sẹ́ǹtì méjì. Torí náà, ó jọ pé wọn kò fi tiyín ránṣẹ́ láàárín ìgbà yẹn. Ṣùgbọ́n bébà àti sítáńpù ni gbogbo èyí ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ o. Ayàwòrán lè tẹ káàdì lónìí láti inú àwòrán tó ti yà lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn.

Mẹkáníìkì_Àgbà:
Ẹ wo imú mọ́tò. Bó bá jẹ́ Model T ti Ford, 1908 ló jáde. Bàbà tó ń dán ni imú rẹ̀ títí di 1916. Mọ́dẹ́lì 1917 ló di dúdú. Model T kan ṣoṣo tí imú rẹ̀ dúdú ti tó láti fi hàn pé àwòrán kò ṣáájú 1916. Àmọ́ onídàńdán kan kò fìdí nǹkan kan múlẹ̀, àwọn èèyàn wa mọ́tò ògbólógbòó nígbà náà bí a ṣe ń wà á báyìí.

Aránṣọ:
Ẹ má fojú fo àwọn obìnrin. Ní nǹkan bí 1910, síkẹ́ẹ̀tì ṣì ń gbálẹ̀. Tó bá fi máa di 1916, kókósẹ̀ ti ń hàn. Ọ̀dọ́bìnrin ni kí ẹ wò, ẹ fi àwọn ìyá àgbà sílẹ̀. Aṣọ tí wọ́n dá nígbà tí wọ́n gbéyàwó ni wọ́n ṣì ń wọ̀ ☺

Pẹ́pẹ́Ìwé:
Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ìyá wa, aṣọ ni màá fi ṣe ìkẹyìn. Ẹ wá ohun tó ní ọjọ́ tí òfin dá. Bí ìràwọ̀ àsíá bá ṣeé kà, ìlà mẹ́fà tí ìràwọ̀ mẹ́jọ mẹ́jọ wà nínú rẹ̀ jẹ́ 48, July 4, 1912 ló sì bẹ̀rẹ̀. 46 ló wà nípò rẹ̀ láti 1908. Ẹ má fi fóònù yà á. Ẹ lo ẹ̀rọ skánà ní 1200 dpi, kí ẹ wá sún àsíá náà mọ́ra.

Pátákó olóògùn yẹn gan-an ló wù mí jù. Ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà ló ń tẹ ìwé orúkọ oníṣòwò àti àdírẹ́sì wọn, ti ọ̀pọ̀ sì ti wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí ọkùnrin náà bá wà ní ojúlé yẹn nínú ti 1913, tí ẹlòmíì ti wà níbẹ̀ ní 1915, ẹ ti há a mọ́ àárín nìyẹn. Ẹ tún wá máàpù Sanborn ìlú náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì Library of Congress, ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà, ọ̀fẹ́ ni. Torí ìbánigbófò iná ni wọ́n ṣe yà á: pupa rẹ́súrẹ́sú fún ilé bíríkì, àwọ̀ ìyeyè fún ilé pákó, wọ́n sì kọ iye àjà ilé kọ̀ọ̀kan sí i. Ilé tó bá wà nínú àwòrán yín tí kò sí nínú máàpù, ó lè jẹ́ pé lẹ́yìn máàpù náà ni wọ́n kọ́ ọ, tàbí kí wọ́n ti wó o kí wọ́n tó ya máàpù náà.

ÀpótíÀtijọ́:
Mo ti skáànù rẹ̀. Ìlà mẹ́fà ni, mo kà á tán! Imú mọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń dán.

Mẹkáníìkì_Àgbà:
Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ń dán, ọ̀rọ̀ yí padà díẹ̀. Láàárín July 1912 sí bíi 1917 ni èmi yóò fi í sí.

Olùkójọ:
Mo gbà. Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ yẹn, ti ayàwòrán ni. Ẹ wá àwọn káàdì mìíràn tó fi ọwọ́ kan náà kọ, tí òǹtẹ̀ wọn hàn kedere. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ga ju tiyín lọ tó sì ní òǹtẹ̀ 1914 máa ń fi hàn pé tiyín ti wà ṣáájú, bó bá jẹ́ pé ó ń kà á léraléra. Kí ẹ tó lọ síbẹ̀, ẹ wo ìwé orúkọ ìlú ná, kí ẹ sọ ohun tí ẹ bá bá nípa olóògùn náà fún wa.