Kẹ̀kẹ́ ọmọ tàbí ọ̀já: kí ni kí n fi gbé ọmọ ọdún méjì kiri Lọ́ńdọ̀nù?

Ìyá Àdùnní (Peckham)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí. Ọmọbìnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méjì, àjà kẹta sì ni a ń gbé nínú ilé tí kò ní lífítì. Ní òròòwúrọ̀, mo ní láti gbé òun, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ àti àpò mi sọ̀ kalẹ̀, kí n tó sáré lọ wọ bọ́ọ̀sì tí yóò gbé wa dé jẹ́lé-ó-sinmi, kí èmi náà sì gba ibẹ̀ kọjá sí ibi iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni bọ́ọ̀sì ti fi wá sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, nítorí pé kẹ̀kẹ́ méjì ti wà ní àyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òjò pa wá débi pé nígbà tí mo bọ́ bàtà rẹ̀, omi ń dà jáde nínú rẹ̀, ó wò ó títí, ó ní, "Mọ́mì, odò." Mo fẹ́ máa pọ̀n ọ́n bí ìyá mi ṣe pọ̀n mí, ṣùgbọ́n kóòtù òtútù kò jẹ́ kí ọ̀já mú dáadáa, ẹ̀rù sì ń bà mí pé ó lè yọ̀ bọ́ lójú títì. Ẹ̀yin tí ẹ ti la irú èyí kọjá, ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ẹ ṣe ṣe é?

Ìyá Ìbejì (Thamesmead)

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Àdùnní, Olúwa yóò bá wa wò wọ́n. Ìlú yìí ni mo ti tọ́ àwọn ìbejì mi. Táyé a wà nínú kẹ̀kẹ́, Kẹ́hìndé a wà lẹ́yìn mi. Kóòtù ni ó ń dà yín láàmú, nítorí aṣọ tó ń yọ̀ kì í gba ọ̀já. Ẹ wọ súwẹ́tà fún ọmọ, kí ẹ pọ̀n ọ́n mọ́ súwẹ́tà tiyín, kí ẹ fi aṣọ ìpọnmọ gbà á lábẹ́ ìdí, kí ẹ wá fa ọ̀já gbọọrọ gba abẹ́ apá rẹ̀, kí ẹ so ó le lókè ọmú. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé kóòtù kan tó tóbi jù yín lọ bo ẹ̀yin méjèèjì. Orí rẹ̀ nìkan ni yóò yọ, kí ẹ dé e ní fìlà. Tí ẹ bá wọ bọ́ọ̀sì, ẹ má fẹ̀yìn ti àga rárá. Bí àyè bá wà, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí itan.

Bàbá Ẹniọlá (Tottenham)

Mo gba ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méjì lè wúwo tó kílò 12, kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀yìn ló lè gbé e gun àjà mẹ́ta lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. Èmi ni mo máa ń gbé ọmọ wa lọ, torí iṣẹ́ òru ni ìyá rẹ̀ ń ṣe. A ta kẹ̀kẹ́ ńlá, a ra èyí tí a lè fi ọwọ́ kan ká. Ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara ló kọ́kọ́ ni àyè inú bọ́ọ̀sì yẹn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé kò tó kí awakọ̀ kàn bẹ èrò pé kí ó kúrò níbẹ̀, kí ó sì dákẹ́ bí èrò náà bá kọ̀ láìnídìí. Bí ẹ bá ní láti bọ́ sílẹ̀, owó tí ẹ ti san ṣì lè gbé yín wọ bọ́ọ̀sì mìíràn láàárín wákàtí kan, bí ẹ bá ti fi káàdì kan náà kan ẹ̀rọ. Ọmọ kì í san nǹkan kan. Ẹ má tìtorí èyí sá lọ sí ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀: nínú ibùdókọ̀ rẹ̀ 272, èyí tí ènìyàn lè wọ̀ láìgun àtẹ̀gùn kò tó ìdajì.

Màmá Àgbà (Ìbàdàn)

Ọmọ mi, mo wá tọ́jú ọmọ ọmọ mi ní Lọ́ńdọ̀nù fún oṣù márùn-ún, ohun tí mo sì rí ni pé ẹ kì í jẹ́ kí ọmọ rìn. Ọmọ tó lè sáré kiri pálọ̀ lè sọ àtẹ̀gùn kalẹ̀. Tètè jí i, di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí ẹ jọ máa ka àtẹ̀gùn náà: oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Tèmi kò mọ ju ẹẹ́rin lọ nígbà tí mo dé. Nígbà tí mo ń padà bọ̀, ó ti ń ka ogún. Àtẹ̀gùn nìkan ni mo wí o. Bí ẹ bá ti dé ojú títì, pọ̀n ọ́n.

Ìyá Àdùnní (Peckham)

Ẹ ṣeun, màmá. Ẹ̀yin yòókù náà, mo dúpẹ́ púpọ̀. Kóòtù ọkọ mi ni mo gbé wọ̀ lánàá. Nígbà tí bọ́ọ̀sì dé, kẹ̀kẹ́ méjì ti wà nínú rẹ̀, a sì wọlé. N kò tíì ta tiwa, torí ọjọ́ ọjà. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni a lò lórí àtẹ̀gùn, torí pé bí ó bá ti dé ẹẹ́fà, á tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan, èmi ni mo wá ń fi ọkàn ka ìyókù. Méjìdínláàádọ́ta ni wọ́n. Ọdún kẹta rèé tí a ti ń gbé ilé yìí, n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀.