Àlọbọ̀ iná ni kóòdù ń wí, kì í ṣe sẹ́ńsọ̀ nìkan

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa olùkọ́ fi ìtumọ̀ kan síwájú wa fún ìwé kékeré tí a fẹ́ kọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì. Kóòdù P0122 ni, ọ̀kan nínú àwọn àmì àìsàn tí brain box, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀, máa ń gbé jáde. Ó jẹ mọ́ sẹ́ńsọ̀ tó ń wo bí tírótù ṣe ṣí tó; orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì ni "Throttle/Pedal Position Sensor/Switch A Circuit Low". Ohun tí ẹ̀gbọ́n kọ ni: "Aṣèmọ̀lára ìwọ̀n epo ti bàjẹ́." Mo bọ̀wọ̀ fún yín, sà, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ yìí á ná ẹni tó ni ọkọ̀ lówó. Ríwáyà ni mí, iná ọkọ̀ ni mo ń tún ṣe, Ẹlẹ́pẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà níhìn-ín ní Ìkòròdú, mo sì ń rí ohun tí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ń dá sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú epo kúrò níbẹ̀. Mo mọ ibi tó ti wá: awakọ̀ á ní òun tẹná, ọkọ̀ á sáré, epo á jó, a wá gbà pé epo ni ẹsẹ̀ ń ṣí. Afẹ́fẹ́ ni. Nínú ọkọ̀ tó ń lo pẹtiróòlù, tírótù jẹ́ irin pẹlẹbẹ róbótó kan tó ń yí lójú ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí. Bó bá ṣe ṣí tó ni afẹ́fẹ́ ń wọlé tó, brain box á wá wọn epo tó bá a mu. Ẹ fi orúkọ tírótù sílẹ̀ bó ṣe wà. Ọmọ iṣẹ́ wo ló wà láti Sábó dé Odógunyàn tí kò mọ̀ ọ́n?

"Aṣèmọ̀lára" náà ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹlẹ́ran ara ló ń mọ nǹkan lára. Nínú irú èyí tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ohun tó wà nínú ike kékeré yẹn ò ju ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń dín iná kù, àti apá kan tó ń rìn lórí rẹ̀. Tírótù yí, apá sún, iye iná tó ń jáde yàtọ̀. Wọ́n rán an pé kó lọ wo ibi tí tírótù dé, kó wá sọ fún brain box. Ẹni tí a bá rán níṣẹ́, ṣebí ó máa ń jábọ̀ ni. Ìdí nìyí tí mo fi ní ká pè é ní "ajábọ̀". Àǹtí kan níbí ní àwọn ènìyàn á gbọ́ "já bọ́", bí ẹni pé nǹkan já bọ́ lára ọkọ̀. Àǹtí, ohùn ló yà wọ́n, bó ṣe ya ọkọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ́, a ò sì torí ìyẹn pa ọ̀kankan tì.

Ṣùgbọ́n ibi tó dùn mí jù ni pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà "circuit", ọ̀nà tí iná ń gbà lọ tó sì ń gbà bọ̀, wà nínú orúkọ kóòdù yẹn, ẹ̀gbọ́n sì fò ó. Òun gan-an ni ọ̀rọ̀.

Ọkọ̀ kan wọlé tọ̀ mí láti ìhà Ìjẹ̀dẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bí wọ́n bá tẹná, á máa fà sẹ́yìn, iná ẹ́ńjìnnì ò sì kú. Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò níbòmíràn, P0122 ló jáde, wọ́n ní sẹ́ńsọ̀ ti lọ. Ẹni tó ni ọkọ̀ ti ra sẹ́ńsọ̀ tòkúnbọ̀ méjì. Mo yọ pọ́lọ́ọ̀gì wáyà sẹ́ńsọ̀ náà, mo yí kọ́kọ́rọ́ láì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́, mo fi mítà kan àwọn wáyà. Èyí tó ń gbé iná lọ, 5 fólítì pé. Gíráǹdì, wáyà tí iná ń gbà padà, dáa. Ó ku ẹ̀kẹta, èyí tó ń gbé àbọ̀ wá sọ́dọ̀ brain box. Mo ki pọ́lọ́ọ̀gì padà, mo kàn án láti ẹ̀yìn: 0.02. Bí tírótù bá wà ní pípadé, ó yẹ kí ó tó bíi 0.5. Ọmọ iṣẹ́ mi tẹná dé ilẹ̀, mítà ò kúrò lójú kan. Mo bá ń fi ìka tọ wáyà náà lọ títí mo fi dé ẹ̀yìn bátìrì. Irin tó di bátìrì mú ti ń ha á, ara rẹ̀ ti bó, kò ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ, bàbà inú rẹ̀ ti hu àwọ̀ ewé, ó fara kan irin. Àbọ̀ ń dà sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo tún wáyà ṣe, mo dá sẹ́ńsọ̀ tó bá ọkọ̀ wá láti ilé padà sí i, mítà sì gun láti 0.5 dé 4.5 bí omi tó ń kún garawa. Ká ní ó gun dé ibì kan tó ṣubú lójijì tó tún gbéra ni, ìgbà yẹn la lè sọ pé ojú ọ̀nà inú ajábọ̀ ti jẹ, kí wọ́n ra òmíràn.

Àwọn kan ń pe "circuit" ní àyíká. Ọmọ ilé-ìwé tó bá gbọ́ àyíká lónìí, ìgbálẹ̀ àti gọ́tà ló máa rò. "Àlọbọ̀ iná" ni mo fara mọ́: iná lọ, iná bọ̀, bí ọ̀kan bá já, iṣẹ́ ò délé. Ajábọ̀ náà bá a lọ dáadáa. Nínú ọkọ̀ tí kò ní okùn láàárín ẹsẹ̀ àti tírótù mọ́, ajábọ̀ méjì ló ń ṣọ́ ara wọn. Bí àbọ̀ wọn ò bá bára mu, kóòdù P2135 á yọjú.

Báyìí ni mo fẹ́ kó wà nínú ìwé:

P0122: iná tí àlọbọ̀ ajábọ̀ tírótù ń mú wá kéré jù.
P0123: iná tí àlọbọ̀ ajábọ̀ tírótù ń mú wá pọ̀ jù. (Gíráǹdì tó já lè fà á.)

Mo ka ti ẹ̀gbọ́n fún ọmọ iṣẹ́ mi, ó bi mí pé èló ni sẹ́ńsọ̀. Mo ka èyí, ó ní, "Ọ̀gá, ibo ni iná náà ń gbà?" Bí ẹnì kan bá ní ọ̀rọ̀ tó dáa ju àlọbọ̀ lọ, kó mú un wá, kó ṣáà má yọ wáyà kúrò nínú rẹ̀.