Níbo la ti lè jẹun àárọ̀ tó dáa nínú ìlú Ìlọrin?

Olùkọ́ Tanke

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí a ń pè ní Màmá, ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn àti ọmọ wọn obìnrin, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 6. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa padà. Ìgbà tí wọ́n wá kẹ́yìn, òtẹ́ẹ̀lì kan ni wọ́n dé sí. Búrẹ́dì gbígbẹ, ẹyin díndín tó ti tutù àti ife tíì kan ni wọ́n gbé síwájú wọn láàárọ̀. Màmá ò ráhùn, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ ẹ́ tán, ó sì dùn mí gan-an.

Lọ́tẹ̀ yìí, ilé wa ni wọ́n máa sùn. Mo lè dáná fún wọn o. Àmọ́ mo fẹ́ kí wọ́n jẹ oúnjẹ ìlú yìí lọ́wọ́ àwọn tó ń sè é lójoojúmọ́, kí wọ́n jókòó síbẹ̀, kí wọ́n sì rí bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ ní Ìlọrin. Tanke ni mò ń gbé, iṣẹ́ ló gbé mi wá. Nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì ni wọ́n ṣe ń ta oúnjẹ tó yí wa ká: indomí, ìrẹsì, ṣawámà. Mi ò mọ inú ìlú dáadáa.

Láàárọ̀ Sátidé, níbo ni kí n mú wọn lọ, ní aago mélòó? Lọ́jọ́ Àìkú, wọn ò ní tètè jí, torí náà oúnjẹ ìyálẹ̀ta ni mo ń wá, èyí tó máa gbé wọn dé Abẹ́òkúta láìdúró jẹun lọ́nà. Màmá ti lé ní 70 ọdún, orúnkún ń dùn wọ́n, wọn ò sì fẹ́ oúnjẹ tó lóróró jù. Ẹ ṣeun.

Ọmọ Ẹlẹ́kọ Adéta

Ẹ kú àlejò o, Olùkọ́. Adéta ni wọ́n bí mi sí. Ẹ̀kọ ni ìyá ìyá mi tà títí ọlọ́jọ́ fi dé, èmi náà sì ti jókòó ti agbada àkàrà rí, torí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni kí n kọ́kọ́ sọ: oúnjẹ àárọ̀ Ìlọrin kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá jáde nílé ní aago 10, ìsàlẹ̀ ìkòkò ló máa bá. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ń dáná, nígbà tí aago 9 bá sì fi máa lù, wọ́n ti ń fọ abọ́. Ẹ má wá ṣọ́ọ̀bù tó lẹ́wà kiri. Ibi tí iná ti ń jó, tí àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ tò sí, ibẹ̀ ni kí ẹ yà sí.

Ẹ tún mọ̀ pé oúnjẹ ìlú yìí kì í ṣe oríṣi kan. Balógun mẹ́rin ló wà lábẹ́ Ẹ́míà: Àjíkòbí, Àlánàmú, Gàm̀bàrí àti Fúlàní. Bí àdúgbò ṣe pín náà ni ohun tó ń dùn mọ́ni lẹ́nu ṣe pín. Lọ́dọ̀ àwa Yorùbá, ẹ̀kọ, àkàrà, ọ̀lẹ̀lẹ̀ àti ẹ̀gbo lẹ máa rí. Tí ẹ bá kọjá sí Gàm̀bàrí, màsà ìrẹsì ni, àti kókó, ìyẹn ògì tí wọ́n fi atalẹ̀ àti kànáfùrù sí, àti fùrá tí wọ́n fi jéró ṣe. Wàrà ní tiẹ̀, ọwọ́ àwọn ìyá Fúlàní tó ń ti gáà, ìyẹn ibùdó àwọn darandaran, wá la ti ń rà á.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí wàrà, torí mo fẹ́ kí Màmá jẹ èyí tó dáa. Wàrà àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ rà. Mílíìkì màlúù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ni wọ́n ń gbé ka iná tí kò le. Tó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n á gún ewé àti igi bọmubọmu, wọ́n á fi omi rẹ̀ sí i; oje yẹn ló ń mú un dì. Ẹni tó bá bu oje náà jù, wàrà rẹ̀ á korò. Tó bá ti ya kúrò lára omi, wọ́n á dà á sínú agbọ̀n kékeré kí omi ìyókù lè ro dànù, agbọ̀n yẹn náà ló sì ń fún un ní ìrísí tí ẹ ń rí lórí igbá. Wàrà tuntun máa ń rọ̀, òórùn mílíìkì ló máa ń ní. Tó bá ti ń yọ̀ lọ́wọ́, tó sì ń rùn kíkan, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn èyí tí wọ́n dín tí wọ́n bu ata gígún sí, ṣùgbọ́n fún Màmá, inú ọbẹ̀ ata ni kí wọ́n ti sè é. Á fa ata mu, á sì rọ̀ lẹ́nu.

Ní ti Sátidé, ẹ kúrò ní Tanke ní aago 6:30. Ẹ gba Post Office, kí ẹ forí lé ọ̀nà Ọjà Ọba. Bẹ́ ẹ bá ti ń sún mọ́ ààfin, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn díẹ̀ wọ inú àdúgbò. Ojú pópó tí ọkọ̀ ń gbà kì í ní àkàrà tó dáa. Inú àdúgbò ló wà, níwájú ilé. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ alákàrà, ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ṣé ó ń po ẹ̀wà lílọ̀ náà dáadáa kó tó dà á sórí iná? Afẹ́fẹ́ tó bá fi pípò sínú rẹ̀ ló ń mú àkàrà wú. Ìgbà tó bá fẹ́ dín in ló yẹ kó fi iyọ̀ sí i. Bí iyọ̀ bá ti pẹ́ nínú rẹ̀, ẹ̀wà á yọmi, àkàrà á tẹ́ pẹlẹbẹ, á sì mu òróró bí aṣọ ṣe ń mu omi. Tí ẹ bá rí òróró tó ti dúdú, ẹ rọra kọjá.

Ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni kí Màmá jẹ, torí kò lóróró jù. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ inú ewé ni mo ń wí o. Inú mi kì í dùn tí mo bá rí i nínú ọ̀rá. Ewé ń fún un ní òórùn, kì í sì í jẹ́ kí omi dá sí i lára. Ẹ̀kọ gbígbóná ni kí wọ́n fi tì í, tí ẹ bá sì rí èyí tí wọ́n fi ọkà bàbà ṣe, ẹ má wo ti àgbàdo mọ́. Ọkà bàbà ni ìyá ìyá mi ń lò. Wọ́n á rẹ ẹ́ títí á fi rọ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á jẹ́ kó tòrò kó sì kan níwọ̀nba. Àwọn àgùntàn àdúgbò mọ ọjọ́ tí wọ́n ń sẹ́ ògì, ẹnu ọ̀nà wa ni gbogbo wọ́n ń jí sí nítorí eérí.

Bí Ọlọ́run bá ṣe é tí ẹ rí ẹlẹ́gbo, ẹ rà á! Àgbàdo gbígbẹ tí wọ́n sè títí tó fi fọ́, ẹ̀wà lórí rẹ̀, ata àti epo lórí ẹ̀wà. Igi àti àkókò tó ń jẹ ti pọ̀ jù fún ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tà á, torí náà wọ́n ń dín kù, ó sì ń bà mí nínú jẹ́.

Ní ti Ọjọ́ Àìkú: àmàlà tàbí túwó, gbẹ̀gìrì, ewédú, wàrà àti ẹran, láti nǹkan bí aago 10. Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ àwọn olóúnjẹ inú ìlú, torí náà wọn kì í ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ Àìkú. Ọjọ́ Jímọ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún, torí bó bá ti ń kù díẹ̀ kí wọ́n kírun, wọ́n á palẹ̀ mọ́. Bákan náà, ẹ má mú àlejò jáde báyìí nínú oṣù ààwẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni àwọn alákàrà ń jáde nígbà náà.

Àbẹ̀kẹ́ Pákátà

Gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n wa sọ ló dáa, àmọ́ èmi ò fara mọ́ ti ìjókòó. Bẹ́ǹṣì tí wọ́n ń gbé síwájú alákàrà kò ga rárá. Ìyá tó ti lé ní 70, tí orúnkún ń dùn, tí wọ́n bá jókòó síbẹ̀, ta ló máa gbé wọn dìde? Olùkọ́, ẹ gbé kúlà kékeré, fíláàsì àti àwo tiyín dání. Màmá á jókòó sínú ọkọ̀, ilẹ̀kùn á wà ní ṣíṣí, wọ́n á máa wo bí wọ́n ṣe ń dín in. Ẹ̀yin ẹ lọ tò, kí ẹ gbé e wá fún wọn ní gbígbóná. Bí èmi ṣe ń ṣe fún ìyá mi nìyẹn, wọ́n sì máa ń gbádùn rẹ̀, torí gbogbo ẹni tó bá kọjá ló ń kí wọn.

Ilé oúnjẹ tó ní àga gidi àti fáànù wà lójú pópó, ìyẹn ló dáa fún àmàlà Ọjọ́ Àìkú. Ẹ sáà kọ́kọ́ yọjú wò ó lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sì wò ó bóyá omi ìfọwọ́ àti ọṣẹ wà.

Awakọ̀ Gáréèjì Ọ̀fà

Ẹ ti gbàgbé ọmọ ọdún 6 yẹn. Ọ̀dọ̀ onítíì ni kí ẹ mú un lọ. Àwa tí à ń gbé èrò jáde ní ìdájí, onítíì ló ń dá wa dúró, torí ó ti ń se omi kí alákàrà tó jí. Inú ọmọ máa ń dùn láti rí bó ṣe ń da tíì láti ife kan sí èkejì, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, títí á fi yọ ìfófòó. Ẹ ní kó dín ṣúgà kù, torí tí ẹ ò bá sọ̀rọ̀, á dà á síbẹ̀ gan-an ni. Ẹ ní kó dín ẹyin pẹ̀lú àlùbọ́sà láìfi ata sí i, kó sì fi búrẹ́dì sínú àwo náà kó gbóná. Ẹ wò ó bó ṣe máa dín in lójú yín. Ẹyin òtẹ́ẹ̀lì ọjọ́sí ò ní wá sí wọn lọ́kàn mọ́.

Ọmọ Ìgbómìnà

Mo kí gbogbo ilé. Tí wọ́n bá lè fi ọjọ́ kan kún un, ẹ mú wọn jáde sí ọ̀dọ̀ wa. Ẹ gba Ìdófìàn dé oríta Àjàṣẹ́-Ìpo, níbi tí ọ̀nà Ọ̀fà àti ọ̀nà Ọ̀mù-Àrán ti pín. Tí ẹ bá yà sí Ọ̀fà, ẹ béèrè ànàmọ́. Gbogbo ayé ló mọ Ọ̀fà mọ́ ìjàkadì, ṣùgbọ́n ànàmọ́ wọn ni èmi ń tìtorí rẹ̀ lọ. Bó bá ti jẹ́ bíbọ̀, a kì í fi nǹkan kan tì í ju ata díndín díẹ̀ lọ, kò sì ní da Màmá nínú rú. Tí ẹ bá yà sí Ọ̀mù-Àrán, iyán ni kí ẹ béèrè, kódà ní ìyálẹ̀ta. Lọ́dọ̀ wa, a kì í sọ pé àárọ̀ kọ́ ni wọ́n ń jẹ iyán. Ẹni tó ń lọ sóko ló kọ́kọ́ nílò rẹ̀. Ọbẹ̀ ìṣápá tí wọ́n fi ẹ̀gúsí sè ni kí ẹ ní kí wọ́n bù sí i.

Olùkọ́ Tanke

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, kò ní tán lọ́wọ́ yín. Ti ìjókòó inú ọkọ̀ yẹn gbà mí lọ́kàn púpọ̀, Àbẹ̀kẹ́. Ọ̀mù-Àrán á di ìgbà mìíràn. Ìbéèrè méjì ló kù. Ṣé ọmọ lè jẹ màsà? Kì í jẹ ata rárá. Tí mo bá sì dé agbègbè Ọjà Ọba, báwo ni mo ṣe máa mọ ilé tí wọ́n ti ń ta ọ̀lẹ̀lẹ̀ inú ewé, nígbà tí mi ò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀?

Ọmọ Ẹlẹ́kọ Adéta

Àbẹ̀kẹ́ jàre mi lórí ọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì, ẹ ṣe bó ṣe wí.

Ọmọ lè jẹ màsà dáadáa. Ìrẹsì tí wọ́n rẹ tí wọ́n lọ̀ ni, wọ́n á jẹ́ kó wú, wọ́n á wá máa dín in nínú àwo onírin tó ní ihò ihò, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí ata nínú rẹ̀. Ọbẹ̀ tí wọ́n ń dà lé e ló ní ata, torí náà ẹ sọ pé ṣúgà lẹ fẹ́. Ẹ rà á ní gbígbóná, torí tó bá ti tutù, ó máa ń le.

Ẹ kó owó wẹ́wẹ́ dání. Àwọn ìyá yìí kì í ní ṣéńjì láàárọ̀ kùtùkùtù, kò sì dáa kí ẹ dá àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ dúró.

Ní ti ọ̀lẹ̀lẹ̀, ẹ lọ bá àwọn tó ń ta ewé ní ọjà. Ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ ra ewé díẹ̀ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ wá béèrè ẹni tó ń ra ewé lọ́wọ́ wọn lójoojúmọ́ láti fi pọ́n ọ̀lẹ̀lẹ̀. Wọ́n mọ gbogbo wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì rán ọmọ kan tẹ̀ lé yín dé ẹnu ọ̀nà ibẹ̀.