Irin dídà ni, kì í ṣe irin rírọ: èsì lórí ọ̀rọ̀ agbada àtijọ́

Ẹ̀yin ará ilé èdè, ẹ kú iṣẹ́ o.

Láti ọjọ́ Ẹtì ni mo ti ń ka ohun tí ẹ̀ ń sọ lórí àlàyé tí arákùnrin wa kan ní Ohio kọ fún àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ra agbada àti ìkòkò irin àtijọ́ kiri ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ ńlá ni, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ ó pe agbada wọ̀nyẹn ní "agbada irin rírọ". Ó tún pe fífi òróró pa á kí a tó yan án nínú iná ní "mímú agbada dùn". Ẹni méjì ti yìn ín. Èmi ò lè yìn ín.

Rírọ kẹ̀? Ta ló rọ ọ́? Irin tí wọ́n yọ́, tí wọ́n sì dà sínú àwo ni wọ́n fi ṣe é, èyí tí òyìnbó ń pè ní "cast iron"; irin dídà ló yẹ kí a pè é.

Alágbẹ̀dẹ ni baba tó bí baba mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi ni mo máa ń fi ẹwìrì fẹ́ná fún wọn nígbà tí a bá gba ìsinmi ilé-ìwé. Lọ́jọ́ kan, télọ̀ kan gbé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ tó ti kán wá, ó ní kí wọ́n bá òun fi rọ ọkọ́. Baba wò ó, wọ́n ní kò ní gbà. Télọ̀ bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n tì í bọ iná títí ó fi pọ́n fòò, wọ́n gbé e ka orí owú, wọ́n sọ ọmọ owú kàn án lẹ́ẹ̀kan péré. Ó fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí igbá gbígbẹ. Ojú ibi tó ti fọ́ rí wínniwìnni, ó ṣe bí iyọ̀ tó dọ̀tí. Baba ṣa èérún kan, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ nígbà tó tutù, wọ́n ní, "Èyí tí wọ́n dà nìyí. Èyí tí wọ́n dà kì í gbọ́ ti ọmọ owú."

Ẹ̀kọ́ yẹn ni mo gbé dé ibí. Èédú (carbon) tó wà nínú irin ló ń fà á: ti irin dídà máa ń ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ, irin tí alágbẹ̀dẹ ń rọ kò ní tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí ọ̀kan gbà kí a lù ú, kí èkejì sì fọ́. Ẹni tó bá gba "irin rírọ" gbọ́, tó wá rí agbada tí ìdí rẹ̀ wú, tí kò jókòó dáadáa lórí sítóòfù mọ́, yóò gbé òòlù sí i. Agbada ọgọ́rùn-ún ọdún á sì di àfọ́kù.

Ìyá wa kan láti Ìbàdàn, olùkọ́ àgbà, sọ pé "irin dídà" kò tọ́ nítorí pé irin tó ṣì ń ṣàn ló túmọ̀ sí. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò gbà. Ṣé iṣu sísun ṣì wà nínú iná nígbà tí a ń jẹ ẹ́? Ṣé abẹ́rẹ́ ṣì wà lára aṣọ rírán? Irin tó ń ṣàn, irin yíyọ́ nìyẹn. Nínú Bíbélì tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀, "ère dídà" ni wọ́n pe ère tí wọ́n da irin tàbí wúrà sí àwo láti ṣe. Ère náà ò ṣàn lọ síbì kankan, ó dúró gbọn-in tí wọ́n ń forí balẹ̀ fún un. Ẹ sì jọ̀ọ́, ohùn ìsàlẹ̀ ló wà lórí *dà* o. Ẹnì kan kọ "irin dida" láìfi àmì kankan sí i, ẹlòmíì kà á sí *dídá*, ni àríyànjiyàn bá bẹ̀rẹ̀ lórí ẹni tó dá irin. Òògùn rẹ̀ kò ju àmì ohùn kan lọ.

Bí ìwé kò bá tó yín, ẹ lọ sí Ṣakí. Àwọn tó ń fi àlòkù alumíníọ̀mù ṣe ìkòkò níbẹ̀, tí wọ́n ń yọ́ ọ, tí wọ́n ń dà á sínú yanrìn tí wọ́n ti tẹ ojú ìkòkò sí, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń *rọ* ìkòkò. Iṣẹ́ yanrìn yìí kan náà ni oníṣẹ́ irin kan, Abraham Darby, gba ìwé ẹ̀tọ́ (patent) lé lórí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1707, fún ìkòkò irin.

Ẹlòmíì tún mú Ògún wọ̀ ọ́: ó ní ìkòkò irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń kó nǹkan Ògún sí ní Cuba, àti pé Ògún ló ni iṣẹ́ rírọ. Òótọ́ ni ti Cuba. Ṣùgbọ́n Ògún ló ni irin tí a rọ àti irin tí a dà, ìkòkò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn gan-an, dídà ni.

Ẹ má bínú pé mo ń tẹnu mọ́ ọ. Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀.

Ó wá ku "mímú agbada dùn", èyí tó dùn mí jù. Nítorí pé ọ̀rọ̀ kan (seasoning) ni àwọn òyìnbó ń lò fún èyí àti fún iyọ̀ àti ata, arákùnrin wa gbé adùn wá síbi tí kò ti sí adùn. Ìyá mi din àkàrà títí a fi jáde ìwé mẹ́wàá. Bí wọ́n bá ra agbada tuntun, wọ́n á gbé e ka iná, wọ́n á fi epo pa inú rẹ̀, wọ́n á nù ún, wọ́n á tún pa á. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí wọ́n máa dín nǹkan, wọ́n á ní, "Kò tíì mu epo yó." Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ náà nìyẹn. Òróró fẹ́ẹ́rẹ́, tí a nù títí ọwọ́ ò fi yọ̀ lára rẹ̀ mọ́, tí a wá yan ní nǹkan bí 230°C fún wákàtí kan, á le, á di awọ dúdú lára irin. Agbada tó mu epo yó. Kí ló kù tí a ń wá?

"Omi apani" tí arákùnrin wa pe ohun tí a fi ń bó ìdọ̀tí àtijọ́ kúrò (lye lẹ́nu òyìnbó) náà kò yẹ. Àwọn tó ń se ọṣẹ dúdú àti àwọn aláró mọ omi eérú kí a tó bí i. Èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù, kọ́sítíìkì ni. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ bí ẹ bá fẹ́ lò ó.

Àtúnṣe kan lórí òye: nọ́ńbà 8 tó wà lọ́wọ́ agbada kì í ṣe íǹṣì mẹ́jọ. Ojú sítóòfù onígi tí ìdí rẹ̀ máa bá mu ni. Èyí tí mo rà nínú pálí kan, tó ti dógùn-ún débi pé n kò rí ìdí rẹ̀, 8 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ sì ju íǹṣì mẹ́wàá lọ. Nígbà tí mo fi omi sódà ìfọṣọ àti iná ṣájà bátìrì mọ́tò bó o tán, àgbélébùú inú òbìrí yọ, àmì Griswold, iléeṣẹ́ tó ń da agbada nílùú Erie ní Pennsylvania: orúkọ Griswold wà láàárín rẹ̀, ERIE PA nísàlẹ̀, àti 704, nọ́ńbà irú agbada náà. Iléeṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní 1865, ti Erie sì kógbá sílé ní 1957, nítorí náà kò sí ọ̀nà tí wọ́n fi lè da tèmi lẹ́yìn ọdún yẹn.

Ẹ̀yin tó ń sọ pé amọ̀ nìkan ni agbada, a ó tún pàdé lórí ìyẹn. Èyí tí wọ́n fi ń yan gàrí ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ kan ni mo ń wá báyìí. Àwọn agbada tó ti pẹ́ gan-an, tí ọ̀pọ̀ wọn ṣáájú 1900, máa ń ní ilà gígùn kan tó ga díẹ̀ nídìí, níbi tí irin gbà wọlé nígbà tí wọ́n dà á. Arákùnrin wa pè é ní "àpá". Ọgbẹ́ ló ń dá àpá síni lára. *Ìdodo* ni mo ń pè é nílé, nítorí ibẹ̀ ni irin gbà wọ inú rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Ṣakí tó wà níbí, ẹ bá wa bi àwọn tó ń da ìkòkò: kí ni wọ́n ń pe ojú ibẹ̀?