Hartke HA3500 tòkunbọ̀, 120V ni wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀: kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

Okùn_Mẹ́rin:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà oníbáàsì. Mo rí orí áńpù Hartke HA3500 kan ní Alábà, òun àti àpótí 410XL, tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà ni méjèèjì. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé 120V 60Hz ló wà lẹ́yìn orí náà, n kò sì rí súìsì tí a lè fi yí i sí 230V. Ẹni tó ń tà á fi step-down (ẹ̀rọ tó ń dín iná 230V kù sí nǹkan bí 120V) tan án, ó dún, àmọ́ ohùn rẹ̀ máa ń lọ lójijì, á tún padà bí wọ́n bá fọwọ́ gbá a lórí. Sìpíkà mẹ́rin ló wà nínú àpótí yẹn, ó sì dà bíi pé méjì péré ló ń mì.

Ṣọ́ọ̀ṣì la fẹ́ lò ó fún, jẹnẹrétọ̀ la sì máa ń tàn lọ́pọ̀ ìgbà. A ti ní àpótí onísìpíkà íńṣì 15 kan nílẹ̀, 4 ohm (ohm ni òṣùwọ̀n bí sìpíkà ṣe ń dènà iná tó). Ṣé orí yìí lè gbé e pọ̀ mọ́ 410XL tó jẹ́ 8 ohm? Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n mú dání lọ sọ́jà, kí sì ni kí n wò?

Bàbá_Léèdì:
Àbúrò, jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ iná, torí òun ló ń pa áńpù Amẹ́ríkà jù níbí. Kó o tó jẹ́ kí wọ́n tan án, yọ fíúsì ẹ̀yìn rẹ̀ kó o wò ó. Iye tó wà lára fíúsì gbọ́dọ̀ bá èyí tí wọ́n tẹ̀ sára áńpù mu. Bí wọ́n bá kọ T síwájú iye náà, èyí tí kì í tètè jó nígbà tí iná bá kọ́kọ́ rọ́ wọlé ni kó wà níbẹ̀. Tó o bá bá bébà fàdákà inú páálí sìgá tàbí wáyà lásán níbẹ̀, dá owó rẹ padà sápò: ẹnì kan ti ki áńpù yẹn bọ 230V rí, ó sì ti fipá mú un ṣiṣẹ́.

HA3500 ń gbé 350W jáde lórí 4 ohm, 240W lórí 8 ohm. Irú áńpù yìí máa ń fa iná tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tó ń gbé jáde bí wọ́n bá lò ó dé góńgó. Nítorí náà step-down 1000VA ni ìsàlẹ̀ pátápátá, 1500VA ló fọkàn ẹni balẹ̀. Má gba ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ gbọ́ o, gbé e sọ́wọ́. Irin àti kọ́pà ló máa ń wúwo nínú ojúlówó. Èyí tó bá fúyẹ́ bíi páálí bisikíìtì, irọ́ ni wọ́n kọ sára rẹ̀.

Step-down lásán kì í tún iná ṣe, ṣe ló kàn ń pín in sí méjì: 240V wọlé, 120V jáde, 260V wọlé, 130V jáde. Ìdí nìyẹn tí sìtebiláísà fi ní láti wà níwájú, kí step-down tẹ̀ lé e, kí áńpù wá gbẹ̀yìn. Ìgbà tí áńpù bá ń dún ni kó o fi mítà wọn ojú step-down, kì í ṣe ìgbà tí kò gbé nǹkan kan. Láàárín 110V sí 125V ló dára. Àwọn tó wọ́pọ̀ lọ́jà jẹ́ autotransformer, wáyà kan ṣoṣo ni wọ́n lọ́ sínú rẹ̀. Bí apá ìsàlẹ̀ wáyà náà bá já, gbogbo 230V ló máa wọ inú áńpù.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní “I better pass my neighbour” kò tó. Nǹkan bí 650W ni agbára rẹ̀, kíbọ́ọ̀dù àti míkísà sì tún ń jẹ níbẹ̀. Lórí èyí tó tóbi náà, ẹ jẹ́ kó dúró déédéé kí ẹ tó tan áńpù, kí ẹ sì pa áńpù kí ẹ tó pa jẹnẹrétọ̀. Ẹsẹ̀ kẹta pílọ́ọ̀gì Amẹ́ríkà, ìyẹn ti wáyà ilẹ̀, ẹ má gé e kúrò nítorí pé kò bá sọ́kẹ́ẹ̀tì yín mu. Okùn jìtá so mọ́ irin ara áńpù. Bí iná bá jò síbẹ̀, ẹni tó ń ta báàsì, tó sì fẹnu kan máíkì, ni iná máa gbé.

Ọmọ_Alápótí:
Ẹ kú àlàyé, Bàbá. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àpótí.

Sọ 4 ohm àti 8 ohm di ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, 2.67 ohm lo máa rí. 4 ohm ni ìsàlẹ̀ tí wọ́n ṣe HA3500 fún, nítorí náà má ṣe so wọ́n pọ̀. Ó lè dún dáadáa fún wákàtí àkọ́kọ́, kí tiransísítọ̀ wá jó nígbà tí ìyìn bá gbóná. Lo ọ̀kan nínú méjèèjì, tàbí kí ẹ wá àpótí 8 ohm mìíràn tì í: 8 àti 8 máa fún yín ní 4 gan-an.

Nípa sìpíkà méjì tí kò mì: bí wọ́n ṣe sábà máa ń so mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 8 ohm ni pé méjì tẹ̀ léra, méjì kejì tẹ̀ léra, wọ́n á wá so ìpín méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí kọ́ìlì (wáyà tí wọ́n lọ́ sínú sìpíkà) ọ̀kan bá já, ìkejì rẹ̀ náà á dákẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tó ṣe é. Ki wáyà sìpíkà bọ àpótí, kó o fi mítà wọn ẹnu rẹ̀. Àpótí 8 ohm tó pé máa ń ka nǹkan bíi 5.5 sí 7. Tó bá ka 11 sí 13, ìpín kan ti já. Àwọn méjì tó kù ló ń gbé gbogbo ẹrù, wọn ò sì ní pẹ́ kí wọ́n tó tẹ̀ lé e.

Láti mọ èyí tó kú gan-an, tú sìpíkà, yọ wáyà kan lẹ́yìn rẹ̀, kó o fi bátìrì 9V kàn án lẹ́ẹ̀kan péré, má dì í mú. Tí + bátìrì bá wà lára + sìpíkà, kóònù, ìyẹn ojú sìpíkà tó ń mì, gbọ́dọ̀ tì síwájú. Èyí tí kò bá mì ló já. Èyí tó bá fà sẹ́yìn, wọ́n ti so ó lódìkejì nígbà àtúnṣe kan, ó sì ń pa ohùn àwọn yòókù: àpótí bẹ́ẹ̀ máa ń pariwo, ṣùgbọ́n báàsì rẹ̀ á ṣófo.

Alumíníọ́mù ni kóònù 410XL. Kí ó tẹ̀ díẹ̀ láàárín kì í ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí kóònù ti pàdé aṣọ etí rẹ̀ ni kó o fi tọ́ọ̀ṣì wò, torí ibẹ̀ ló máa ń sán. Fi ìka ọwọ́ méjèèjì tì í sínú lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, kí ó dọ́gba. Bó bá ń dún gìrì-gìrì, kọ́ìlì ti ń ha irin. Wíwá kóònù alumíníọ́mù tuntun láti fi tún un ṣe kì í rọrùn. Sìpíkà oníwèé íńṣì 10, 8 ohm, tó jẹ́ ti báàsì, kò burú. Ohùn rẹ̀ kò ní mú ṣáṣá bíi ti àwọn yòókù, ṣùgbọ́n nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ta ló máa mọ̀?

Wáyà jìtá kì í ṣe wáyà sìpíkà o, ẹ dákun. Okùn àárín rẹ̀ tín-ín-rín jù, á gbóná. Wáyà iná ẹlẹ́sẹ̀ méjì, 1.5mm² tàbí 2.5mm², ti tó.

Okùn_Mẹ́rin:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mítà ka 11.8 lẹ́nu àpótí, fíúsì bá ohun tí wọ́n kọ mu. Ohùn orí náà ṣì ń lọ lójijì bí ẹ ṣe rí i lókè. Kí ni kí n ṣe sí i? Ṣé oníṣẹ́ ẹ̀rọ ò kúkú lè tún wáyà inú rẹ̀ so, kó di 230V, ká yé gbé step-down kiri?

Bàbá_Léèdì:
11.8 yẹn, sìpíkà kan ló kú, bí Ọmọ_Alápótí ṣe wí. Yọ owó rẹ̀ kúrò lórí iye tí wọ́n pè é.

Ohùn tó ń lọ tó ń bọ̀: mú wáyà jìtá kúkurú kan, ki orí rẹ̀ kan bọ ihò SEND, èkejì bọ ihò RETURN (àwọn ihò tí ohùn ń gbà jáde lọ sí ẹ̀rọ mìíràn, tó sì ń gbà padà). Bó bá dúró déédéé, jáàkì RETURN ló ti dọ̀tí. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí ohùn ń gbà kọjá nígbà tí kò sí pílọ́ọ̀gì níbẹ̀. Bí kò bá sẹ́ni tó ń lò ó fún ọdún mélòó kan, irin náà á dúdú, ohùn ò sì ní ráàyè kọjá. Fín contact cleaner díẹ̀ sínú rẹ̀, ki pílọ́ọ̀gì bọ̀ ọ́, yọ ọ́, bíi ogún ìgbà, jẹ́ kó gbẹ. WD-40 kọ́ o, epo tó ń fi sílẹ̀ máa ń kó eruku jọ. Bákan náà ni kó o ṣe fún àwọn bọ́tìnì EQ (èyí tí wọ́n fi ń tún adùn ohùn ṣe) mẹ́wàá tó ń lọ sókè sódò: lò wọ́n láti ìsàlẹ̀ dé òkè títí wọ́n á fi dẹ́kun híha.

Tí wáyà SEND sí RETURN kò bá yí nǹkan kan padà, ìdí jáàkì tàbí nọ́ọ̀bù kan ni léèdì (òjé tí wọ́n fi jó ẹsẹ̀ wọn mọ́ bọ́ọ̀dù) ti sán. Láti wò ó, wọ́n ní láti tú u. Yọ ọ́ kúrò nínú iná, kí wọ́n fi rẹsísítọ̀ 470 ohm 10W kan ojú kapásítọ̀ ńláńlá (àwọn tó ń tọ́jú iná pamọ́) kọ̀ọ̀kan fún bí ìṣẹ́jú àáyá 40, kí wọ́n sì fi mítà rí i pé ó ti wálẹ̀ sí abẹ́ 1V. Ìgbà yẹn ni kí wọ́n fi gíláàsì asọ-nǹkan-di-ńlá wo ẹsẹ̀ àwọn jáàkì lórí bọ́ọ̀dù. Bí òrùka dúdú tín-ín-rín bá yí ẹsẹ̀ kan ká, ibẹ̀ ló ti já. Kí wọ́n fa léèdì àtijọ́ kúrò pátápátá kí wọ́n tó fi tuntun sí i. Àfikún lórí èyí tó ti gbó kì í tọ́jọ́.

Sísọ ọ́ di 230V ṣeé ṣe bí wáyà ìwọlé tiransifọ́mà bá jẹ́ lílọ́ méjì tí wọ́n so lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wọ́n á so wọ́n tẹ̀ léra, ojú wọn gbọ́dọ̀ bára mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ fíúsì á jó lójú ẹsẹ̀. Ohun mẹ́ta ni àwọn oníṣẹ́ máa ń gbàgbé: fíúsì gbọ́dọ̀ di ìdajì (5A á di 2.5A), varistor (ẹ̀yà tó ń dènà iná àjù) tó bá wà ní ojú ìwọlé, tó jẹ́ ti 150V, gbọ́dọ̀ di ti 275V, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á bú gbàmù, bí fáànù bá jẹ́ ti AC 120V, lára ìdajì lílọ́ nìkan ló ti gbọ́dọ̀ gba iná. Bí lílọ́ ìwọlé bá jẹ́ ẹyọ kan, má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án, step-down ni.

Ìyá_Báàsì:
Ẹ jẹ́ kí n fi ẹyọ kan kún un, torí HA3500 ni. Ọ̀nà méjì ni ohùn ń gbà wọlé nínú rẹ̀, nọ́ọ̀bù Tube àti nọ́ọ̀bù Solid State. Yí ọ̀kan sílẹ̀ pátápátá, kó o gbé èkejì sókè, kó o wá pààrọ̀ wọn. Bí ohùn bá ń pariwo tàbí tó ń lọ lójijì lójú Tube nìkan, gílóòbù 12AX7 inú rẹ̀, ìyẹn tube náà gan-an, ló gbó. ECC83 ni wọ́n tún ń pè é, tuntun kò wọ́n. Fi orí pẹ́ńsù gbá a jẹ́jẹ́. Bó bá ń dún bí agogo nínú sìpíkà, pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé lójú méjèèjì ni ohùn ti ń lọ, ibi tí Bàbá sọ ni kó o tẹ̀ lé.

Kó o tó so àpótí kankan mọ́ ọn, tan orí náà láìsí sìpíkà, fi mítà sí DC, kó o wọn ẹnu tó ń jáde sí sìpíkà. Kò gbọ́dọ̀ ju 50mV lọ. Bó bá jẹ́ fóòtì mẹ́wàá sókè, tiransísítọ̀ ìjáde ti di wáyà lásán, sìpíkà mẹ́ta tó kù nínú 410XL ló máa fi jóná.